ẸNI TÍ A TÌ SẸ́YÌN ILẸ̀KÙN: Ẹ̀tọ́ Wa Láti Sọ̀rọ̀ àti Láti Gbọ́ ní Ayé Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dákẹ́ ńkọ́, tí ó ń sọ̀rọ̀, tí kò sì sí ọ̀nà tí ohùn rẹ̀ lè gbà dé etí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ? Ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ ńkọ́, tí a ń kéde ohun tí ó kàn án ní èdè tí kò yé e, lórí ẹ̀rọ tí kò ní, ní iye tí apá rẹ̀ kò ká?

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, ayé ti yí padà ní ojú wa. Fóònù tí ó jẹ́ ohun afẹ́ nígbà kan ti di ilẹ̀kùn ilé ìwé, ó ti di ilẹ̀kùn báńkì, ó sì ti di ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ìjọba. Ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, orí kọ̀ǹpútà ni yóò ti ṣe é. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní abúlé, fóònù ni yóò kọ́kọ́ dún kí ìyá tó mọ̀ pé owó ti wọlé. Nígbà tí ilé bá ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè má ṣẹ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ìta ni yóò sùn. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni èyí. Ọ̀rọ̀ òdodo ni, ọ̀rọ̀ ẹbí sì ni pẹ̀lú.

KÍ NI Ẹ̀TỌ́ ÌBÁNISỌ̀RỌ̀?

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, Àjọ Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn. Àbala 19 nínú ìkéde náà fi yé wa pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ní èrò tirẹ̀ àti láti sọ ọ́ jáde, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti wá ìròyìn, láti gbà á, àti láti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, láìka ààlà orílẹ̀-èdè sí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 náà sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà ní abala 39.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ọwọ́ méjì ni ẹ̀tọ́ yìí ní. Ọwọ́ kan ń sọ, ọwọ́ kejì ń gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn olóṣèlú nìkan ni ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta kòkó kí ó tó gbé tirẹ̀ fún alárinà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Aboyún tí ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí dókítà yóò wà ní ilé ìwòsàn kí ó tó rin ìrìn wákàtí méjì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1980, ìgbìmọ̀ kan tí àjọ UNESCO gbé kalẹ̀, tí Sean MacBride ọmọ ilẹ̀ Ireland jẹ́ alága rẹ̀, gbé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fred Omu, wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n rí i pé ìròyìn ayé ń ṣàn láti ilẹ̀ àwọn olówó wá sí ilẹ̀ àwọn aláìní, bí omi tí ń ti orí òkè ṣàn wá sí ìsàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ kì í sì í padà sókè. Ní ọdún 1985, ìgbìmọ̀ mìíràn tí Sir Donald Maitland ṣe alága fún tún sọ ohun kan tí ó ya ayé lẹ́nu: tẹlifóònù tí ó wà ní ìlú Tokyo nìkan, ní ilẹ̀ Japan, pọ̀ ju èyí tí ó wà ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lọ. Ìlú kan ṣoṣo, ó ju odindi ilẹ̀ ńlá lọ!

BÍ ILẸ̀KÙN ṢE ṢÍ DÍẸ̀ FÚN WA

Àwọn tí ó ti dàgbà nínú wa yóò rántí. Láti ọdún 1886 ni okùn wáyà ti so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, nítorí iṣẹ́ ìjọba amúnisìn àti àwọn oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní òkè òkun ṣì ní láti lọ tò sí ọ́fíìsì NITEL. Ẹlòmíràn a kọ lẹ́tà, a fi rán awakọ̀ ní gáréèjì, a sì máa gbàdúrà kí awakọ̀ náà má gbàgbé. Òkú ti wọlẹ̀ kí ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi tó gbọ́. Ní ìgbẹ̀yìn ọdún 1990 sí 1999, nǹkan bí 400,000 ìlà tẹlifóònù ni ó wà fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ìjọba ta ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká, ní mílíọ̀nù 285 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ó wọ́n púpọ̀ nígbà náà. Síìmù káàdì nìkan ju owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ, ìṣẹ́jú kan sì ń gba náírà 50; bí o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, odindi ìṣẹ́jú ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe láti ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá. Ní ọdún 2003, nígbà tí Globacom wọ ọjà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á bẹ́ẹ̀, ohun tí kò ṣeé ṣe di ohun tí ó ṣeé ṣe fún gbogbo wọn.

Ẹni tí kò lágbára láti ra fóònù, ó rí àwọn tí ń ta ìpè lábẹ́ agbòjò ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ opó ni ó fi iṣẹ́ yẹn tọ́ ọmọ. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Bangladesh láti ọdún 1997, nígbà tí àwọn obìnrin abúlé bẹ̀rẹ̀ sí yá owó lọ́wọ́ Grameen Bank láti ra fóònù kan fún gbogbo abúlé, tí wọ́n sì ń fi í ta ìpè. Ní Kenya, láti ọdún 2007, fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá ti di àpò owó fún àwọn tí kò ní báńkì, nípa ètò tí wọ́n ń pè ní M-Pesa.

Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Ẹ̀kọ́ náà ni pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ti ilẹ̀kùn yìí, ọwọ́ ènìyàn náà ni yóò sì ṣí i. Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé tálákà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

ÀWỌN WO NI Ó ṢÌ WÀ NÍTA?

Ẹnìkan lè sọ pé, “Pásítọ̀, fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn báyìí, kí ni ẹ tún ń sọ?” Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò. Àjọ ITU, tí ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní gbogbo àgbáyé, sọ pé ní ọdún 2024, bílíọ̀nù 2.6 ènìyàn ni kò lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Nínú ènìyàn 100 ní gbogbo ayé, 68 ń lò ó. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, 38 péré ni. Ní Áfíríkà yìí kan náà, 57 nínú 100 ará ìlú ńlá ń lò ó, ṣùgbọ́n 23 ni nínú 100 ará oko. Àwọn obìnrin tí ń lò ó kò sì tó àwọn ọkùnrin.

Àgádágodo márùn-ún ni a rí lára ilẹ̀kùn yìí.

1. Àgádágodo owó. Ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan fi lélẹ̀ pé dátà kékeré tí ènìyàn ń lò lóṣù kò yẹ kí ó gba ju náírà méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ó ń wọlé fún ènìyàn ní orílẹ̀-èdè náà. Ìwọ̀n tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí kò rí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀gá báńkì àti alágbàro. Ohun tí ó jẹ́ ìdá kékeré nínú owó ọ̀kan lè jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ méjì fún èkejì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gba àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti fi owó lé owó ìpè àti dátà, tí kò ní ju ìdajì iye àtijọ́ lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ní díṣẹ́ẹ̀lì wọ́n, wọ́n ní owó náírà ti rẹlẹ̀. A kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí iye bá gòkè, ẹni tí ó wà ní ìdí àkàbà ni ó kọ́kọ́ máa ń jábọ́.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ní ọdún 2018, ìjọba orílẹ̀-èdè Benin gbé owó orí lé lílo Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Àwọn ará ìlú fi ohùn ṣọ̀kan, wọ́n ké gbàjarè, kò sì pẹ́ rárá tí ìjọba fi wọ́gi lé owó orí náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Ní Uganda, ní ọdún 2018 kan náà, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ lo irú nǹkan wọ̀nyí máa san 200 shilling lójoojúmọ́. Ọdún mẹ́ta ni ó gbà kí wọ́n tó pa á rẹ́, wọ́n sì fi owó orí mìíràn lórí dátà rọ́pò rẹ̀.

2. Àgádágodo ibùgbé. Òpó tẹlifóònù ń jẹ epo, ó sì nílò ẹ̀ṣọ́. Ilé iṣẹ́ tí ń wá èrè kì í fẹ́ gbé òpó lọ sí ibi tí ènìyàn kò pọ̀. Ìdí nìyí tí òfin ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2003 fi dá owó kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, tí a mọ̀ sí USPF, láti mú ìbánisọ̀rọ̀ dé ibi tí ọjà nìkan kò lè mú un dé. Owó ará ìlú ni. Ó yẹ kí àwọn ará abúlé mọ̀ pé ó wà, kí wọ́n sì máa béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wọn. Ará ìlú ńlá pàápàá kò gbọdọ̀ fọ́nnu jù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, báńkì Nàìjíríà sì dẹnu kọlẹ̀, ti Ghana àti ti Benin náà rí bẹ́ẹ̀.

3. Àgádágodo èdè. Ibi tí a fẹ́ dúró sí díẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn ní Abẹ́òkúta, èdè Yorùbá ni ó sì fi tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ó fẹ́ kí àwọn Ẹ̀gbá lè kà á fúnra wọn. Ní ọdún 1884, iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú odindi Bíbélì dé ọwọ́ wa ní èdè abínibí wa. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì pàápàá, ohun tí ó ya àwọn èrò lẹ́nu ni pé olúkúlùkù ń gbọ́ ní èdè ìlú rẹ̀. Kò sí ẹni tí a sọ fún pé kí ó kọ́kọ́ lọ kọ́ èdè àwọn alákòóso Róòmù.

Èé ṣe tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí báńkì bá fẹ́ kìlọ̀ fún ìyá àgbà kan kí ó má fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ han ẹnikẹ́ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kìlọ̀ fún un? Ìkìlọ̀ tí kò yé ni, kì í ṣe ìkìlọ̀. Àtẹ bọ́tìnnì fóònù náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ènìyàn bá kọ ọ̀rọ̀ láìní àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Èkó, tàbí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù?

A dúpẹ́ pé iṣẹ́ ti ń lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀. Ní ọdún 2015, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n sì tún pín àtẹ bọ́tìnnì aláàmì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, BBC bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka Yorùbá tirẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ̀ pé èdè wa tó kọ sórí ẹ̀rọ.

4. Àgádágodo ara. Àwọn kan wà láàárín wa tí ojú wọn kò ríran, àwọn kan wà tí etí wọn kò gbọ́. Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn ní ọdún 2010, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ lòdì sí yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ̀ pé inú fóònù ìgbàlódé tí wọ́n gbé lọ́wọ́ ni ohun tí yóò ran ẹni wọn lọ́wọ́ wà. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran lè jẹ́ kí fóònù máa ka ohun tí ó wà lójú rẹ̀ fún un. Lórí fóònù Android, TalkBack ni orúkọ rẹ̀, lórí iPhone, VoiceOver ni. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ó kàn ń fẹ́ ẹnìkan tí yóò jókòó ti ẹni náà fún ọjọ́ díẹ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n lò.

5. Àgádágodo àìmọ̀. Ẹlòmíràn ní fóònù, ó ní dátà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó ń fún ọmọ aládùúgbò ní fóònù àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kí ó bá a wo iye tí ó kù sí báńkì. Ọ̀pọ̀ omijé ni a ti rí nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́ wa nítorí èyí. Ẹni tí a fún ní fóònù tí a kò kọ́ bí a ṣe ń lò ó, a fi í sílẹ̀ fún olè.

NÍGBÀ TÍ ÀWỌN ALÁṢẸ BÁ TI ILẸ̀KÙN

Gbogbo èyí tí a ti kà sílẹ̀, àìtó àti àìbìkítà ni ó fa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí àwọn aláṣẹ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ti ilẹ̀kùn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, ìjọba Cameroon gé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò ní àwọn agbègbè méjì tí wọ́n ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ìwọ́de. Ó ju oṣù mẹ́ta lọ kí wọ́n tó dá a padà ní oṣù Kẹrin. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní ìlú Buea wá ń wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé kan tí ń jẹ́ Bonako, ní ẹ̀gbẹ́ ààlà kejì, níbi tí wọ́n ti háyà yàrá kí wọ́n lè ráyè ṣe iṣẹ́ wọn. Ẹ rò ó wò: ènìyàn di olùwá-ibi-ìsádi nítorí pé ó fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́!

Ní Togo, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjọba gé e nígbà tí àwọn ará ìlú ń ṣe ìwọ́de. Àwọn ẹgbẹ́ kan àti oníròyìn kan gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ náà dá wọn láre, ó ní ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú, ó sì ní kí ó san mílíọ̀nù méjì CFA fún àwọn olùpẹjọ́. Ní Nàìjíríà, ìjọba fi òfin de Twitter ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, kò sì tú u sílẹ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS yìí kan náà sọ pé ìdènà náà kò bá òfin mu.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni àwọn ìjọba sábà máa ń tọ́ka sí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Àwọn ajínigbé ń lo fóònù, a kò lè sẹ́ èyí. Ìdí nìyí tí Nàìjíríà fi pàṣẹ, láti oṣù Kejìlá ọdún 2020, pé kí gbogbo ènìyàn so nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, NIN, pọ̀ mọ́ síìmù wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n dí ẹnu ìlà tí ó ju mílíọ̀nù 70 lọ kí wọ́n má lè pe ẹnikẹ́ni. Ó dájú pé ọ̀daràn wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀daràn ni gbogbo mílíọ̀nù 70? Àwọn arúgbó tí kò lè tò lórí ìlà wà níbẹ̀, àwọn ará oko tí ibi ìforúkọsílẹ̀ jìnnà sí wà níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ mú olè kan ní ọjà, a kì í dí ẹnu gbogbo ọjà. Ìjọba tí ó bá ní kí gbogbo ènìyàn gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé gbọ́dọ̀ mú ọ̀nà náà dé ìtòsí gbogbo ènìyàn kí ó tó ti ìyókù.

ṢÉ KÌ Í ṢE FÓÒNÙ NI Ó Ń BA AYÉ JẸ́?

A mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò sọ pé ó sàn kí ilẹ̀kùn yìí wà ní títì. Wọ́n ti rí àwọn ọmọ tí kì í sùn lóru nítorí fóònù, wọ́n ti rí àwòrán ìríra, wọ́n ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí ó kó wọ jìbìtì. A kò fojú kéré ẹ̀dùn ọkàn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: nígbà tí títì wá, ǹjẹ́ a ní kí ẹnikẹ́ni má rìn mọ́ nítorí pé ọkọ̀ ń pa ènìyàn? A kọ́ awakọ̀, a kọ́ ọmọ bí a ṣe ń sọdá. Bákan náà ni ó yẹ kí ó rí níhìn-ín. Ọmọ tí a lé kúrò nídìí fóònù nílé yóò rí i lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, níbi tí kò sí òbí tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ọmọbìnrin tí a kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń lò ó, yóò bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ní ọjọ́ ìdánwò àti ní ọjọ́ tí ó bá ń wá iṣẹ́.

KÍ NI A LÈ ṢE?

A kò lè gbé òpó tẹlifóònù kalẹ̀, a kò sì lè ṣe òfin. Síbẹ̀, ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa kò kéré.

(i) Nínú ilé: Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan yan àgbàlagbà kan nínú ẹbí, kí ó kọ́ ọ, pẹ̀lú sùúrù àti ọ̀wọ̀, bí a ṣe ń ka iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́, bí a ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́, àti bí a ṣe ń mọ ẹlẹ́tàn. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí fóònù kò tíì gbọ́n. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá náà, ẹ má tijú láti béèrè.

(ii) Ẹ fi èyí sọ́kàn: báńkì kò ní pe ẹnikẹ́ni béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ láé. Bí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù bá yọ owó yín láìtọ́, ẹ kọ́kọ́ pe ilé iṣẹ́ náà lórí 300. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ pe àjọ NCC lórí 622. Nọ́ńbà fún pàjáwìrì ni 112. Ẹ kọ wọ́n sí ara ògiri, ní lẹ́tà gàdàgbà.

(iii) Nínú ìjọ: Bí gbogbo ìkéde wa bá wà lórí WhatsApp nìkan, àwa náà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kan. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò gbọ́ nípa ìpàdé títí ó fi parí. Kí a máa kéde ní ẹnu, kí a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó, kí a sì kọ ọ́ ní Yorùbá aláàmì. Ìjọ tí ó ní kọ̀ǹpútà tí ó ń jókòó lásán láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì lè ṣí yàrá náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò tí ń múra JAMB, láìka ìjọ tí wọ́n ń lọ tàbí ẹ̀sìn wọn sí. Bí adití bá wà láàárín wa, kí ẹni méjì kọ́ èdè ọwọ́.

(iv) Ní àwùjọ: Kí a béèrè lọ́wọ́ aṣojú wa ohun tí ó ń ṣe nípa òpó tí kò sí ní abúlé wa. Kí a béèrè lọ́wọ́ báńkì wa ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè wa bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn ará Benin béèrè ní ọdún 2018, owó orí sì yí padà. Àwọn ará Togo lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì gba ìdáláre. Ohùn ẹnìkan lè má dé ibi kankan, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin ará, Ìwé Òwe orí 31 pàṣẹ pé kí a la ẹnu wa fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. A gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kan tún wà tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e: kí a ṣí ọ̀nà sílẹ̀, kí òun náà lè la ẹnu tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa wo àyíká rẹ̀, kí ó wá ẹnìkan ṣoṣo tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ó sì fà á wọlé. Olúwa yóò fún wa ní ọkàn láti ṣe é.